Ìdájọ́ lórí Ẹ̀rí Ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Ìjóòótọ́ Dátà Ojú-ọjọ́ ní Agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń gbà yẹ ohun tí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá sọ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, títí kan Aswani, ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ti pẹ́ níbẹ̀, ìlú sì ti dàgbà yí ibùdó ìwọ̀n ká. Iṣẹ́ náà gbé àyẹ̀wò ààlà, ti ìbáramu, ti ìyípadà, ti aládùúgbò àti ti ìtàn ibùdó yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan. Ó fi hàn pé àṣìṣe méjì ló ń dúró de ẹni tí ń yẹ dátà wò: kí ó gba irọ́ wọlé, tàbí kí ó lé òtítọ́ jáde. Ó sì fi hàn pé ìlànà ìgbẹ́jọ́ àwọn Yorùbá, tí kì í fi ẹnu ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dájọ́, bá iṣẹ́ yìí mu, ó sì lè pèsè èdè tí a ó fi máa kọ́ni nípa rẹ̀.

Kókó-ọ̀rọ̀: ojú-ọjọ́, dátà, ẹ̀rí, Òṣòdì, Aswani, NiMet

1. Ìfáárà

Nọ́ńbà kì í di òtítọ́ kìkì nítorí pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́. Tẹmómítà lè ṣìnà, ohun-èlò ìwọ̀n-òjò lè dí, ẹni tí ń ka ìwọ̀n lè kọ 23 sí ibi tí ó yẹ kí ó kọ 32, kọ̀ǹpútà yóò sì gba gbogbo rẹ̀ láìjiyàn. Síbẹ̀, irú nọ́ńbà báwọ̀nyí ni awakọ̀ òfuurufú, àgbẹ̀, àwọn tí ń gbẹ́ gọ́tà àti àwọn tí ń kọ́ afárá gbẹ́kẹ̀ lé. Bí bàrómítà pápákọ̀ òfuurufú bá fi hectopascal kan ṣoṣo ṣìnà, gíga tí awakọ̀ rí lójú ẹ̀rọ rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi mítà 8 yàtọ̀ sí gíga tí ó wà gan-an. Bí àkọsílẹ̀ òjò ọgbọ̀n ọdún bá kéré sí òjò tí ó rọ̀ ní tòótọ́, gọ́tà tí a bá tìtorí àkọsílẹ̀ náà gbẹ́ yóò kéré pẹ̀lú, àwọn onílé àti ọlọ́jà ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ìjóòótọ́ fi jẹ́ apá kan pàtàkì nínú ìmọ̀ ojú-ọjọ́. Àwọn Yorùbá ní i lówe pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ onídàájọ́ ni àyẹ̀wò dátà ń kọ́ onímọ̀ ojú-ọjọ́: ẹlẹ́rìí ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, a kò sì gbọdọ̀ dájọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu àwọn ẹlẹ́rìí yòókù.

2. Òṣòdì nínú iṣẹ́ ìwọ̀n ojú-ọjọ́

Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ojú-ọjọ́ Àgbáyé, tí a mọ̀ sí WMO, ní ọdún 1960. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ kan ni ó ń ṣe iṣẹ́ ojú-ọjọ́ tẹ́lẹ̀, kí òfin tó dá àjọ NiMet sílẹ̀ ní ọdún 2003. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Abuja ni olú-ilé-iṣẹ́ àjọ náà wà, Òṣòdì kò kúrò nínú ìtàn rẹ̀. Ibùdó ìwọ̀n wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ojú-ọjọ́ tí WMO fọwọ́ sí fún ẹkùn yìí wà. Nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí ojú-ọjọ́ Èkó, Òṣòdì, Ìkẹjà àti Erékùṣù Èkó ni orúkọ ibùdó tí ó sábà máa ń jẹyọ. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ ara wọn yìí yóò wúlò nígbà tí a bá dé orí ẹ̀rí aládùúgbò.

Ohun tí a ń bá ní ibùdó bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Àpótí funfun kan wà lórí ẹsẹ̀ igi, tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ògiri rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ìtànṣán oòrùn má sì kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Thomas Stevenson, ẹnjiníà ará Scotland, ni ó ṣe irú àpótí yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é títí di òní. Inú rẹ̀ ni tẹmómítà ń gbé, ní gíga mítà kan àti díẹ̀ sí ilẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ohun-èlò ìwọ̀n-òjò wà, àti òpó gígùn tí a gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ lé. Wákàtí 0, 6, 12 àti 18 ní UTC ni wákàtí àkọ́kọ́ tí gbogbo àgbáyé jọ ń ka ìwọ̀n. Ní Nàìjíríà, aago 1 òru, 7 òwúrọ̀, 1 ọ̀sán àti 7 alẹ́ ni wọ́n bọ́ sí. Lóde òní, ibùdó aládàáṣiṣẹ́ ti wọ inú iṣẹ́ náà. Ó ń ka ìwọ̀n láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì ń fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Iye dátà ti pọ̀ kọjá ohun tí ojú ènìyàn lè wò tán, èyí ni ó sì mú kí àyẹ̀wò oníkọ̀ǹpútà di dandan.

3. Àwọn oríṣi àyẹ̀wò

3.1 Àyẹ̀wò ààlà

Èyí ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́, òun náà ni ó sì rọrùn jù. Ó ń béèrè pé: ǹjẹ́ nọ́ńbà yìí tilẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ láyé? Nínú ìlànà WMO fún ibùdó aládàáṣiṣẹ́, ìwọ̀n ìgbóná afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàrin −80 °C àti 60 °C, ìwúwo afẹ́fẹ́ tí bàrómítà ń wọ̀n sì gbọ́dọ̀ wà láàrin 500 àti 1100 hectopascal. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ dín sí 0 tàbí kọjá 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohunkóhun tí ó bá kọjá ààlà wọ̀nyí, àṣìṣe ni.

Ṣùgbọ́n ààlà tí ó gba gbogbo ayé mọ́ra kò lè ṣọ́ Òṣòdì dáadáa. Èkó tí ooru ọ̀sán rẹ̀ kì í sábà kọjá 35 °C kò lè fi ààlà 60 °C ṣe ìdènà. 48 °C yóò gba ibẹ̀ kọjá láìsí ẹni tí yóò bi í léèrè. Nítorí náà, a nílò ààlà ìbílẹ̀, èyí tí a yọ láti inú àkọsílẹ̀ ibùdó fúnra rẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, nítorí pé ohun tí ó wọ́pọ̀ ní oṣù kẹta lè jẹ́ ìyàlẹ́nu ní oṣù kẹjọ. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kọjá ààlà ayé ni a ń pè ní òpùrọ́; ẹni tí tirẹ̀ kọjá ààlà ìbílẹ̀, afurasí ni, kò tíì jẹ̀bi.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidigidi. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Èkó, ó fa omíyalé tí ó gba ẹ̀mí, tí ó sì ba dúkìá jẹ́. Ká ní kọ̀ǹpútà kan ń pa gbogbo iye òjò tí ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ rẹ́, ọjọ́ tí ó yẹ kí àwọn tí ń gbẹ́ gọ́tà rántí jù lọ ni yóò kọ́kọ́ pòórá nínú ìwé. Àyẹ̀wò tí ó le jù yóò mú kí ojú-ọjọ́ dà bí èyí tí kì í bínú.

3.2 Àyẹ̀wò ìbáramu

Níhìn-ín ni a ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan wé ti èkejì nínú ibùdó kan náà. Àwọn òfin rẹ̀ kò ní àríyànjiyàn. Ìgbóná tí ó ga jù lọ́jọ́ kan kò lè kéré sí èyí tí ó lọ sílẹ̀ jù. Wákàtí tí oòrùn fi ràn kò lè ju gígùn ojúmọmọ lọ, èyí tí kì í kọjá nǹkan bíi wákàtí 12 àbọ̀ ní Èkó. Bí ẹ̀rọ bá ní afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá, kò yẹ kí ó tún sọ pé láti gúúsù ni ó ti ń fẹ́ wá.

Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni ti tẹmómítà méjì tí a fi ń mọ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Ọ̀kan gbẹ, a fi aṣọ tútù wé orí èkejì. Bí omi ara aṣọ náà ṣe ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú tẹmómítà náà tutù, nítorí náà ìwọ̀n rẹ̀ kò lè ga ju ti èyí tí ó gbẹ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe gbẹ tó ni àlàfo àárín àwọn méjèèjì yóò ṣe fẹ̀ tó. Bí ọ̀rinrin bá kún afẹ́fẹ́ pátápátá, ìwọ̀n méjèèjì yóò dọ́gba. Wàyí o, bí a bá gbàgbé láti bu omi sí i, aṣọ yóò gbẹ, tẹmómítà méjèèjì yóò sì máa sọ ohun kan náà. Ohun tí ìṣirò yóò gbé jáde ni pé ọ̀rinrin jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọyẹ́ mú, tí ètè ń bẹ́, tí eruku bo ojú ọ̀run, ìwé yóò máa sọ pé afẹ́fẹ́ tutù bí ti ìdájí òjò. Àyẹ̀wò ààlà kò ní rí i, nítorí pé 100 kò kọjá ààlà. Àyẹ̀wò ìbáramu ni yóò mú un, nígbà tí ó bá béèrè bí ọ̀rinrin ṣe kún tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a kò ríran jìnnà nítorí eruku, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wá láti àríwá.

3.3 Àyẹ̀wò ìyípadà àti àìyípadà

Ojú-ọjọ́ kì í dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà fò sókè lójijì. Nínú ìlànà WMO, bí ìwọ̀n ìgbóná ibùdó aládàáṣiṣẹ́ bá yí ju 3 °C lọ láàrin ìṣẹ́jú kan sí èkejì, a ó fura sí i. Bákan náà, bí kò bá yí tó 0.1 °C fún odindi ìṣẹ́jú 60, a ó fura pé sẹ́ńsọ̀ ti há.

Ní Èkó, ìjì òjò ń dán òfin àkọ́kọ́ wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí àkókò òjò, ìjì a máa ti ìlà-oòrùn wá pẹ̀lú ìkùukùu dúdú. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìgbóná a já wálẹ̀, ó lè lọ sílẹ̀ ní dígírì márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ̀ ju òfin kan lọ yóò pariwo pé àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n bí a bá pe àwọn ẹlẹ́rìí yòókù, bàrómítà yóò sọ pé ìwúwo afẹ́fẹ́ fò sókè ní àsìkò náà gan-an, ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yóò sọ pé afẹ́fẹ́ yí padà ó sì le, ọ̀rinrin yóò ti gòkè, òjò yóò sì tẹ̀lé e. Ẹlẹ́rìí márùn-ún kò lè pa irọ́ kan náà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìgbóná nìkan bá já wálẹ̀, tí àwọn yòókù kò mira, nígbà náà ni ẹ̀sùn kan sẹ́ńsọ̀ tàbí okùn iná rẹ̀.

Bàrómítà náà ní àbùdá kan tí ilẹ̀ olóoru fún un. Ní agbègbè wa, ìwúwo afẹ́fẹ́ a máa gòkè ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ní nǹkan bí aago 10 òwúrọ̀ àti 10 alẹ́, a sì máa lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí aago 4 ìdájí àti 4 ìrọ̀lẹ́. Ìyípadà yìí kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà yẹ̀. Bàrómítà tí ó bá wà ní Òṣòdì tí kò sì fi òkè méjì yìí hàn láàrin ọjọ́ kan ti ń ṣàìsàn, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ wà láàrin ààlà. Bí òkè náà bá sì wà ṣùgbọ́n tí ó fi wákàtí kan pẹ́ tàbí yá, kì í ṣe bàrómítà ni ó ní àrùn, aago ni. Irú àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ṣètò aago ibùdó sí aago Nàìjíríà dípò UTC. Àṣìṣe wákàtí kan lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó lè gbé òjò òru kan láti inú ọjọ́ kan bọ́ sínú èkejì.

3.4 Ẹ̀rí aládùúgbò

Nígbà tí ibùdó kan bá sọ̀rọ̀, a lè bi ibùdó tí ó súnmọ́ ọn léèrè. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bi í ní láti yàtọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú ohun tí a ń wọ̀n. Lẹ́yìn tí a bá ti ṣe ìṣirò fún gíga ilẹ̀, ìwúwo afẹ́fẹ́ Òṣòdì àti ti Ìkẹjà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà ní wákàtí kan náà. Àlàfo kékeré tó láti mú ni fura. Ìgbóná ń fẹ́ sùúrù díẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun a máa kọ́kọ́ tu Erékùṣù Èkó lára kí ó tó dé Òṣòdì.

Ti òjò ṣòro jù. Ẹni eji rí leji ń pa. Aswani ní Ìsọlọ̀ ni ọjà tí a ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí àwọn tí ń ta òkìríkà ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ ní gbangba. Òjò ìrọ̀lẹ́ lè ba ọjà jẹ́ níbẹ̀, kí ilẹ̀ sì gbẹ ní Ìkẹjà. Nítorí náà, kò tọ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ibùdó kan pa ti èkejì rẹ́ nítorí òjò ọjọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ó yẹ ni kí a fi àpapọ̀ oṣù wé àpapọ̀ oṣù. Bí ohun-èlò ìwọ̀n-òjò ibùdó kan bá ń kéré sí ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní oṣù dé oṣù, ó ṣeé ṣe kí ewé, eruku tàbí ilé agbọ́n ti dí ẹnu rẹ̀.

4. Òfo kì í ṣe òdo

Nínú gbogbo àṣìṣe tí ń bá dátà òjò jà, ìdàpọ̀ òfo àti òdo ni ó ń ṣe ibi jù láìpariwo. Òdo túmọ̀ sí pé ènìyàn tàbí ẹ̀rọ wò, kò sì rí òjò. Òfo túmọ̀ sí pé kò sí ẹni tí ó wò. Nígbà tí a bá ń da ìwé àtijọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó rọrùn láti fi 0 dí gbogbo àyè tí ó ṣófo. Ọ̀dá tí kò ṣẹlẹ̀ rí yóò sì bẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé.

Ní Èkó, ọ̀ràn yìí tún lọ́jú pọ̀ nítorí ìsinmi òjò tí ó sábà ń wáyé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ. Òdo púpọ̀ ní àkókò náà kì í ṣe ohun ìyàlẹ́nu, nítorí náà òfo tí a sọ di òdo lè fara pamọ́ sáàárín wọn. Òdo tí ó tẹ̀ léra ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń pọ̀ jù lọ, ni ó ń tètè tú ara rẹ̀ fó.

Ìwé àtijọ́ ní ìṣòro mìíràn pẹ̀lú. Ní ayé ìjọba amúnisìn, íǹṣì ni a fi ń wọn òjò, Fahrenheit sì ni a fi ń ka ìgbóná. Íǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4. Bí oṣù kan bá ṣèèṣì wà ní íǹṣì láàrin àwọn tí ó wà ní mìlímítà, oṣù kẹfà yóò dà bí oṣù kejìlá. Bákan náà, bí a bá ka iye ìgbà tí nọ́ńbà parí sí 0 tàbí 5, a lè mọ ibi tí ẹni tí ń ka ìwọ̀n ti ń fojú díwọ̀n dípò kí ó kà á pé. Gbogbo nọ́ńbà ìparí láti 0 dé 9 ni ó yẹ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú àkọsílẹ̀ tí a fi òtítọ́ kọ.

5. Ìtàn ibùdó gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ kò purọ́, ẹni tí ń kà á kò ṣìnà, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ kò sọ ohun tí a rò pé ó ń sọ. Ibùdó tí pápá yí ká nígbà kan lè wá bá ara rẹ̀ láàrin ilé, ọ̀nà ọlọ́dà àti gáréèjì mọ́tò. Odindi Òṣòdì ti yí padà lọ́nà yìí. Ìlú kọnkéré a máa pa ooru ọ̀sán mọ́, a sì máa tú u sílẹ̀ lóru, nítorí náà ìgbóná òru ni ó ń kọ́kọ́ gòkè. Ìgbóná náà jẹ́ òtítọ́ fún àwọn tí ń sùn ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a lè kà sí ìyípadà ojú-ọjọ́ àgbáyé. Bákan náà, ìlànà béèrè pé kí ẹ̀rọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ jìnnà sí ohun ìdènà ní ìlọ́po mẹ́wàá gíga ohun náà. Ilé tuntun kan ṣoṣo lè mú kí ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ti dẹ́kun láti máa fẹ́ ní àdúgbò kan.

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lórí èyí wá láti orílẹ̀-èdè Líbíyà. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 1922, ibùdó El Azizia kọ 58 °C sílẹ̀, gbogbo ayé sì gbà á fún àádọ́rùn-ún ọdún pé òun ni ìgbóná tí ó ga jù tí a tíì wọ̀n rí. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ WMO yọ ọ́ kúrò. Wọn kò fi ojú nọ́ńbà nìkan dá a lẹ́jọ́. Wọ́n wo irú tẹmómítà tí a lò, èyí tí ó rọrùn láti ṣì kà. Wọ́n rí i nínú ìwé ibùdó pé ó jọ pé ẹni tuntun tí kò tíì mọṣẹ́ ni ó kà á. Wọ́n wo irú ilẹ̀ tí ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀. Wọ́n sì rí i pé nọ́ńbà náà kò bá ti àwọn ibùdó aládùúgbò mu. Àṣìṣe náà lè tó 7 °C. Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí ni 56.7 °C ti Death Valley ní Amẹ́ríkà, ti ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1913, gba ipò náà. Ohun tí ó jẹ́ kí ìdájọ́ ṣeé ṣe lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọdún ni pé ìwé àkọ́kọ́ ṣì wà.

6. Àmì ìdájọ́

Èyí mú wa dé orí òfin tí ó ga jù nínú iṣẹ́ náà: a kì í pa ohun tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ sọ rẹ́. Àmì ni a ń fi sí i. Àmì náà lè sọ pé nọ́ńbà dára, pé kò bá òmíràn mu, pé ó ń mú ni fura, tàbí pé àṣìṣe ni. Bí a bá fi nọ́ńbà mìíràn rọ́pò rẹ̀, àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdí àti ọjọ́ tí a ṣe é. Ẹni tí ó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè ní ẹ̀rí tí a kò ní lónìí, kí ó sì dá ẹni tí a dá lẹ́bi láre.

Kọ̀ǹpútà ni ó ń kọ́kọ́ tọ́ka sí afurasí, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó mọ ilẹ̀ ni ó yẹ kí ó parí ẹjọ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọyẹ́ kò bá ọ̀rinrin 100 rìn, tí ó mọ̀ ibi tí ìjì máa ń gbà wọ Èkó, tí ó sì mọ ọdún tí wọ́n kọ́ ilé sí ẹ̀gbẹ́ ibùdó, ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìlànà tí a kọ fún gbogbo ayé.

7. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àyẹ̀wò dátà ojú-ọjọ́ jẹ́ ìgbẹ́jọ́. Ààlà ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ṣeé gbọ́ sétí. Ìbáramu ń fi í wé ti àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Ìyípadà ń wo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe tẹ̀ léra. Aládùúgbò ń jẹ́rìí láti òde. Ìtàn ibùdó sì ń sọ irú ẹni tí ẹlẹ́rìí jẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tó láti dájọ́ lóun nìkan.

Àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a lò níhìn-ín, bí ẹ̀rí, ààlà, ìbáramu, òfo àti òdo, kì í ṣe àyálò, wọ́n sì gbé ìtumọ̀ iṣẹ́ náà láìṣẹ́ kù. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ máa lò wọ́n, pàápàá níbi tí a bá ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti máa ka ìwọ̀n òjò ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní oko. Bí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ bá fẹ́ gọ́tà tí yóò gba omi ọ̀la, ìwé òjò àná ni a ó kọ́kọ́ tọ́jú, kí a sì mọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀.